Ta Ló Ń Yan Ààrẹ Amẹ́ríkà? Àgbéyẹ̀wò Ìgbìmọ̀ Aṣojú-Olùdìbò

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, sẹ́nétọ̀ Lindsey Graham gbéra, ó di Lincoln, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Nebraska, ó lọ bẹ àwọn aṣòfin ibẹ̀. Graham kì í ṣe ọmọ Nebraska. South Carolina ló ń ṣojú fún. Ohun tó tìtorí rẹ̀ wá kò sì ju ìbò kan ṣoṣo lọ. Nebraska ní ìbò márùn-ún nínú ìgbìmọ̀ tó ń yan ààrẹ, ṣùgbọ́n kì í kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kan bí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù ti ń ṣe. Ó máa ń pín apá kan rẹ̀ ní ẹkùn-ẹkùn. Ẹkùn kejì, níbi tí ìlú Omaha wà, ti dìbò fún Obama ní 2008, ó dìbò fún Biden ní 2020, gbogbo àmì sì fi hàn pé Kamala Harris ló tún máa gbà á. Àwọn kan ní Omaha ti ri pátákó funfun mọ́ ilẹ̀ níwájú ilé wọn, òbìrí búlúù kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Àwọn Republican fẹ́ yí òfin náà padà kí ọjọ́ ìdìbò tó pé. Sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ kan, Mike McDonnell, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Democrat bọ́ sí Republican lọ́dún yẹn gan-an, ló ní òun kò ní fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀.

Kí ló lè sọ àgbà òṣèlú di alárìnkiri nítorí ìbò kan? Ìṣirò ni. Bí Harris bá gba Pennsylvania, Michigan àti Wisconsin, tó sì pàdánù mẹ́rin yòókù tí ìjà ti gbóná, 269 ni ìbò rẹ̀ máa jẹ́ láìsí ti Omaha. Bí ti Omaha bá kún un, ó di 270, ó sì di ààrẹ. Orílẹ̀-èdè tí iye ènìyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 330, ẹkùn kan ní àárín pápá ló fẹ́ pinnu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí ètò náà ṣe ń lọ rèé. Ẹni tó bá wọ àgọ́ ìdìbò ní Amẹ́ríkà lóṣù Kọkànlá kò dìbò fún ààrẹ tààrà. Àwọn aṣojú-olùdìbò ló ń yàn, àwọn tí ẹgbẹ́ òṣèlú ti fa orúkọ wọn kalẹ̀ ṣáájú. 538 ni gbogbo wọn: ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba iye aṣojú tó ní nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin kékeré, pẹ̀lú sẹ́nétọ̀ rẹ̀ méjì, Washington, olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà, sì ń gba mẹ́ta láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin ṣe ní 1961. Ẹni tó bá kó 270 ló wọlé. Lóṣù Kejìlá ni wọ́n á péjọ ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ wọn, wọ́n á dìbò, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kìn-ín-ní, wọ́n á gbé àpótí onígi tí àwọn ìwé náà wà nínú rẹ̀ wọlé síwájú àwọn aṣòfin, wọ́n á sì kà á sókè. Àpótí wọ̀nyí ni àwọn òṣìṣẹ́ Sẹ́nétì gbé sá lọ ní 2021, lọ́jọ́ tí àwọn èrò ya wọ ilé aṣòfin tí wọ́n ń fọ́ fèrèsé.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bínú sí ètò yìí máa ń fi Wyoming wé California. Nínú ètò ìkànìyàn 2020, Wyoming ní nǹkan bí 577,000 ènìyàn, ó sì ní aṣojú-olùdìbò mẹ́ta. California ní mílíọ̀nù 39 àti ààbọ̀, 54 ló ní. Èyí já sí pé bí 192,000 ènìyàn ló ń pín aṣojú kan ní Wyoming, nígbà tí ti California sún mọ́ 732,000. Ìrẹ́jẹ ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni egbò náà ti jìn jù. Àlékún tí ìpínlẹ̀ kéékèèké ń jẹ ń ṣe Republican lóore ní Wyoming àti ní Dakota méjèèjì, ó sì ń ṣe Democrat lóore ní Vermont, Delaware àti Rhode Island. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ jù ni òfin pé olúborí ló ni gbogbo rẹ̀: ẹni tó bá fi ìbò kan péré ṣíwájú ní ìpínlẹ̀ kan, òun ni yóò kó gbogbo aṣojú ibẹ̀. Ìpínlẹ̀ 48 àti Washington ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Maine àti Nebraska nìkan ló yàtọ̀.

Ẹ wo ohun tó ń fà. Ní 2020, àwọn ará California tó dìbò fún Donald Trump lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Wọ́n pọ̀ ju àwọn tó dìbò fún un ní Texas lọ, síbẹ̀ aṣojú kan kò tibẹ̀ wá fún un. Lọ́dún kan náà, ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ará Texas tó dìbò fún Joe Biden. Òfo ni tiwọn náà. Ọmọ Yorùbá tó ti di ọmọ onílùú ní Houston lè tò sórí ìlà láti ìdájí, ìbò rẹ̀ fún ààrẹ kò ní yí ohunkóhun padà, ẹgbẹ́ yòówù kó fẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé Atlanta ni àwọn olùpolongo ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láìsinmi, nítorí pé ní Georgia, ìbò 11,779 péré ni Biden fi borí lọ́dún náà.

Ìwé òfin Amẹ́ríkà kò sì sọ pé kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pinnu bí wọn yóò ṣe yan aṣojú tiwọn. Nígbà tí wọ́n péjọ ní Philadelphia ní 1787, James Wilson láti Pennsylvania ti dábàá pé kí aráàlú fúnra wọn yan ààrẹ. Àwọn kan fẹ́ kó jẹ́ iṣẹ́ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ilẹ̀ ti fẹ̀ jù, pé ará Georgia kò lè mọ ẹni tó dáa ní Massachusetts. James Madison dìde ní ọjọ́ 19 oṣù Keje, ó ní aráàlú ló yẹ kó yàn án lóòótọ́, àmọ́ ìṣòro kan wà: àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù kò ní olùdìbò púpọ̀, nítorí àwọn ẹrú wọn kò lè dìbò. Bí wọ́n bá lo aṣojú-olùdìbò, ìṣòro yẹn tán, nítorí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé ẹrú márùn-ún ni wọn yóò kà bí ènìyàn mẹ́ta nígbà tí wọ́n bá ń pín àga aṣòfin. Bí àga bá ṣe pọ̀ tó ni aṣojú-olùdìbò ṣe pọ̀ tó. Ẹrú kò lè dìbò, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ń fi orí rẹ̀ ka ìbò. Ọ̀rọ̀ ẹrú nìkan kọ́ ló bí ètò náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kò sí níbẹ̀ rárá kò tíì ka ohun tí Madison fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀. Nínú ọdún 36 àkọ́kọ́, ọmọ Virginia ló ṣe ààrẹ fún ọdún 32.

Ní ti pé olúborí ń kó gbogbo rẹ̀, ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú ló bí ìyẹn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1800, Thomas Jefferson kọ lẹ́tà sí James Monroe. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ máa yàn ní ẹkùn-ẹkùn ni ìbá dára jù, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí àwọn mẹ́wàá kò ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìwà òmùgọ̀ ni kí àwọn mẹ́fà tó kù máa ṣe é. Virginia yí òfin padà kí gbogbo ìbò rẹ̀ lè jẹ́ ti Jefferson. Massachusetts, ìpínlẹ̀ John Adams, gba ìbò lọ́wọ́ aráàlú, ó kó o fún àwọn aṣòfin rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1836, gbogbo ìpínlẹ̀ ló ti ń ṣe bíi ti Virginia àfi South Carolina. Láti ìgbà náà, ṣàṣà ni ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ fi ohun ìjà rẹ̀ sílẹ̀. Bí California bá pín ìbò rẹ̀ lónìí tí Texas kò pín tirẹ̀, Democrat ló gbé. Bí Texas bá ṣe é tí California dákẹ́, Republican ló gbé. Ohun tó mú kí Graham sáré lọ sí Lincoln gan-an nìyẹn, igba ọdún ó lé lẹ́yìn Jefferson.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ẹni tí ìbò aráàlú rẹ̀ pọ̀ jù ti pàdánù: 1824, 1876, 1888, 2000 àti 2016. Ti 1876 ló burú jù, èmi kò sì mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi máa ń sáré kọjá lára rẹ̀. Samuel Tilden ti kó 184, ó ku ìbò kan kó wọlé. Florida, Louisiana àti South Carolina fi èsì méjì-méjì ránṣẹ́, wọ́n sì ń jà lórí aṣojú kan ní Oregon. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ènìyàn 15 kalẹ̀, mẹ́jọ sí méje ni wọ́n ń pín sí lórí gbogbo ẹ̀, títí Rutherford Hayes fi fi 185 sí 184 wọlé. Kí ìjà lè parí, àwọn olóṣèlú dúnàá-dúrà: wọ́n kó àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ kúrò lẹ́yìn àwọn ìjọba Gúúsù tó ń dáàbò bo àwọn aláwọ̀ dúdú. Ìbò aráàlú tí Tilden fi ṣíwájú pàápàá kò mọ́, nítorí wọ́n ti fi ìbọn àti pàṣán lé ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú kúrò nídìí àpótí. Àwọn tí wọ́n fi ṣe dúnàá-dúrà yìí kò rí ẹ̀tọ́ ìdìbò wọn gbà padà dáadáa títí di òfin ọdún 1965.

Ti 2000 kò yẹ ká tún máa rò: ìbò 537 ní Florida ló sọ George W. Bush di ààrẹ, Al Gore sì fi nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù jù ú lọ káàkiri. Ní 2016, Hillary Clinton fi ìbò tó sún mọ́ mílíọ̀nù 2.9 ju Trump lọ, Trump sì fi nǹkan bí 78,000 ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta gba ipò náà. Ti 2020 kò sí lára wọn, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù. Biden fi mílíọ̀nù méje ṣíwájú; síbẹ̀ bí kì í bá ṣe ìbò bí 43,000 tó fi ṣíwájú ní Georgia, Arizona àti Wisconsin lápapọ̀, 269 sí 269 ni ì bá jẹ́.

Àwọn tó fẹ́ kí ètò náà dúró ní ọ̀rọ̀ tó yẹ ká gbọ́. Wọ́n ní ìṣọ̀kan àwọn ìpínlẹ̀ ni Amẹ́ríkà, pé bí ìbò aráàlú bá jọba, New York, Los Angeles àti Chicago ni yóò máa yan ààrẹ, àgbẹ̀ Iowa á sì di ẹni ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n ìlú 100 tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ènìyàn ló ń gbé inú wọn, gbogbo wọn kì í sì í dìbò síbì kan. Àgbẹ̀ Iowa wọn yìí ńkọ́? Ní 2024, Pennsylvania, Michigan, Wisconsin, Georgia, North Carolina, Arizona àti Nevada ni àwọn olùdíje ń gbé inú wọn bí ẹni tó yá ilé. Iowa kò sí níbẹ̀, Wyoming kò sí níbẹ̀. Harris, tó ti sọ ní 2019 pé òun máa fòfin de fífọ́ àpáta láti fa gáàsì, wá sọ ní 2024 pé òun kò ní ṣe é mọ́. Gáàsì Pennsylvania ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí Florida sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó lè fì sọ́tùn-ún tàbí sósì, ṣàṣà ni olùdíje tó láyà láti sọ ohun tí àwọn ọmọ Cuba tó wà ní Miami kò fẹ́ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ wọn kejì ló ní ìwúwo. Amẹ́ríkà kò ní àjọ bíi INEC ti Nàìjíríà tó ń ka ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè; ìpínlẹ̀ àti káúńtì ló ń ka tiwọn, òfin wọn kò sì dọ́gba. Ní 1960, ìyàtọ̀ tó wà láàárín Kennedy àti Nixon kò tó 120,000 nínú mílíọ̀nù 68. Bó bá jẹ́ ìbò aráàlú ló ń ṣèpinnu, ibi gbogbo ni wọn ì bá ti tún ìbò kà, káúńtì kọ̀ọ̀kan á di Florida. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ètò tó wà nílẹ̀ yìí náà ló ń jẹ́ kí jìbìtì wu ènìyàn. Lẹ́yìn ìdìbò 2020, Trump pe akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀ Georgia lórí fóònù pé òun kàn fẹ́ rí ìbò 11,780. Ta ló máa pe ènìyàn lórí fóònù pé kó bá òun wá mílíọ̀nù méje?

Pé ó yẹ kí ààrẹ ní ẹsẹ̀ káàkiri ilẹ̀, àwa náà gbà bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, a kàn gba ọ̀nà mìíràn lọ ni. Òfin wa ní kí ẹni tó fẹ́ wọlé ní ìbò tó pọ̀ jù, kó tún ní ìdá kan nínú mẹ́rin, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìbò ẹni tó wà ní ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ti lè borí ṣì wúlò lẹ́ẹ̀mejì: ó kún àpapọ̀, ó tún kún ìdá mẹ́rin. Ètò tiwa náà ní ọgbẹ́ tirẹ̀, kò sì sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà tí kò mọ 1979. Ìpínlẹ̀ 19 ló wà nígbà náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Shehu Shagari ní ìdá mẹ́rin nínú ìpínlẹ̀ 12, ti Kano tó ṣe ìkẹtàlá kò ju bí ogún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Richard Akinjide, agbẹjọ́rò rẹ̀, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta Kano náà ti tó. FEDECO, àjọ ìdìbò ìgbà náà, gbà á, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ náà gbà á, adájọ́ Kayode Eso nìkan ló ta kò ó pátápátá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé ni ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá gbà lọ ká ní wọn kò gba ìṣirò Akinjide. Òfin ìdìbò ìgbà náà ní kí àwọn aṣòfin àpapọ̀ àti ti gbogbo ìpínlẹ̀, oníkálukú nílé ìgbìmọ̀ tirẹ̀, dìbò yan ààrẹ. Ìgbìmọ̀ aṣojú-olùdìbò nìyẹn ní gbangba. Awolowo, olùdíje UPN, tí ìbò aráàlú rẹ̀ fi bí 770,000 kéré sí ti Shagari, ni irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣe lóore bí àwọn ẹgbẹ́ tó kù bá tì í lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹni wa ló wà nídìí irú ètò yìí lọ́jọ́ yẹn, kí a rántí èyí kí a tó máa fi ìka sí àwọn Republican lójú. Ẹni tí ètò bá máa gbè, òun ló máa ń rí ọgbọ́n inú rẹ̀.

Trump náà kúkú fi èyí hàn. Ní 2012 ó kọ ọ́ sórí Twitter pé àjálù ni ìgbìmọ̀ yìí jẹ́ fún ìjọba àwa-ara-wa. Lẹ́yìn 2016 ó bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín.

Àtúnṣe díẹ̀ ti wọlé láìpẹ́. Ní 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé ìpínlẹ̀ lè fìyà jẹ aṣojú tó bá dìbò fún ẹlòmíràn, lẹ́yìn tí àwọn méje ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2016. Ní 2022, òfin tuntun sọ ọ́ kedere pé igbákejì ààrẹ kò ní agbára láti ju ìbò ẹnikẹ́ni nù, ìdá kan nínú márùn-ún ilé kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àtakò kan kí wọ́n tó lè gbọ́ ọ. Ilẹ̀kùn ni wọ́n tì. Ilé náà ṣì wà bó ṣe wà.

Láti wó o, ó gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì àti ìpínlẹ̀ 38. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sún mọ́ ọn. Ní 1968, George Wallace tó ń jà fún ìyapa dúdú àti funfun kó ìbò 46, ẹ̀rù ba àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì pé ó fẹ́ máa bá wọn ná ọjà. Ilé kékeré fi 338 sí 70 gba àbá sẹ́nétọ̀ Birch Bayh àti Emanuel Celler ní 1969, Nixon náà fọwọ́ sí i. Sẹ́nétì ló pa á ní 1970: Strom Thurmond, Sam Ervin àti James Eastland sọ̀rọ̀ títí, ìbò 54 sí 36 kò sì tó láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ Gúúsù ni wọ́n. Bayh tún gbé e dé ní 1979, ó rí 51. Vernon Jordan, olórí àjọ National Urban League, aláwọ̀ dúdú, ta kò ó lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ní àwọn ìpínlẹ̀ ńláńlá, ìbò aláwọ̀ dúdú ló ń fa òṣùwọ̀n, pé bí wọ́n bá dà á pọ̀ mọ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè, á rì. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá fún Michigan. Fún Alabama àti Mississippi, níbi tí ìbò àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń ṣòfò ní gbogbo ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, kò mọ́gbọ́n wá.

Kí gbogbo ìpínlẹ̀ wá ṣe bíi Nebraska ńkọ́? Àbá tó jọ ẹwà lókèèrè ni. Àwọn olóṣèlú ló ń fa ààlà ẹkùn, wọ́n sì ń fà á sápò ara wọn. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní 2012, Mitt Romney ì bá di ààrẹ, Obama sì fi nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún jù ú lọ. Pípín aṣojú ní ìwọ̀n ìbò dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó lè máà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé 270, nígbà náà ilé kékeré ni yóò yan ààrẹ, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbò kan: aṣòfin kan ṣoṣo láti Wyoming á bá aṣòfin 52 California dọ́gba. Colorado bi àwọn ará rẹ̀ ní 2004 bóyá kí wọ́n máa pín in bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní rárá.

Ó wá ku àdéhùn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2006, tí Maryland kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ní 2007. Àwọn ìpínlẹ̀ tó bá fọwọ́ sí i máa fi gbogbo aṣojú wọn fún ẹni tí ìbò aráàlú rẹ̀ bá pọ̀ jù káàkiri orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi tí iye aṣojú wọn bá pé 270. Nígbà tí Maine dara pọ̀ ní 2024, ó di ìpínlẹ̀ 17 àti Washington, pẹ̀lú aṣojú 209. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, nítorí kò nílò àtúnṣe ìwé òfin. Ibi tó ti ń bà mí lẹ́rù ni 2024 yẹn gan-an. Trump gba ìbò aráàlú lọ́dún náà, mílíọ̀nù 77 sí 75. Ká ní àdéhùn náà ti ń ṣiṣẹ́, aṣojú 54 California, 28 New York àti 19 Illinois ni ì bá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí àwọn ará ibẹ̀ kọ̀. Ilé aṣòfin wo ló máa jókòó wo èyí láìgbìyànjú láti yọ ọwọ́ kúrò? Ohun tí mo fara mọ́ ni ìbò aráàlú tí ìwé òfin fúnra rẹ̀ fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, pẹ̀lú àtúndì láàárín àwọn méjì tó ṣíwájú bí ẹnikẹ́ni kò bá kó ìdajì. Argentina ní irú ìgbìmọ̀ yìí tẹ́lẹ̀, ó sì fi àtúnṣe ìwé òfin 1994 pa á rẹ́.

Gbogbo ìpínlẹ̀ tó ti tọwọ́ bọ àdéhùn náà, Harris ni wọ́n dìbò fún ní 2024. Lẹ́yìn tí Maine dara pọ̀ ní 2024, ó ku aṣojú 61, kò sì sí ibi tí wọ́n ti lè rí i láìsí ìpínlẹ̀ tí Republican wà nídìí rẹ̀. Texas ní 40. Ìjọba tó wà ní Austin kò ní ìdí kankan láti tọwọ́ bọ̀ ọ́ níwọ̀n ìgbà tí 40 yẹn bá ṣì ń bọ́ sápò ẹgbẹ́ rẹ̀ lódindi. Bí ìbò àwọn ará Houston, Dallas àti San Antonio bá fi lè dà á sódìkejì lẹ́ẹ̀kan péré, a óò rí àwọn tí yóò kọ́kọ́ pè fún àtúnṣe.